Kíkó Ìrànlọ́wọ́ inú Kọ̀ǹpútà Jọ Sójú Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí bá lílo kọ̀ǹpútà mu púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí ni bí a ṣe lè kó àlàyé tí kọ̀ǹpútà Windows ní nípa àwọn àṣẹ rẹ̀ jọ, kí a lè kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí i níwájú.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Inú ojú ewé dúdú tí à ń pè ní Command Prompt ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún Windows. Bí a bá kọ help síbẹ̀, tí a sì tẹ Enter, yóò to orúkọ ọ̀pọ̀ àṣẹ sílẹ̀. Bí a bá kọ help copy, yóò ṣàlàyé àṣẹ copy, èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì. Bí a bá kọ copy /?, àlàyé kan náà ni yóò jáde. MS-DOS 5.0, tó jáde ní ọdún 1991, ti ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni àlàyé náà wà. Kò ná wa ní dátà rárá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àlàyé wọ̀nyí ń jáde. Kí a tó ka ìkẹta, a ti gbàgbé èkíní. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà.

Bí a ṣe ń kó wọn jọ

Fáìlì batch ni fáìlì tí a to àwọn àṣẹ sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ṣe wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìsí pé a tún ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ dá fódà tuntun kan, ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ báyìí:

@echo off
type nul > iwe.txt
for %%a in (copy dir find move ren tree) do (
echo %%a >> iwe.txt
help %%a >> iwe.txt
)

Ẹ fi í pamọ́ sínú fódà náà, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ akojo.bat. Ẹ yan "All files" nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́, kí Notepad má baà fi .txt kún ìdí orúkọ náà. Ẹ má ṣe sọ ọ́ ní help.bat o, nítorí bí ó bá ń wá help, ara rẹ̀ ni yóò máa pè. Bí ẹ bá ti tẹ akojo.bat lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, iwe.txt yóò yọjú.

Ìlà kejì ló ń pèsè ìwé òfìfo. Ìlà kẹta ń mú orúkọ inú àkámọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi í sí ibikíbi tí %%a bá wà. Àmì >> ń fi ọ̀rọ̀ kún ohun tó wà nílẹ̀. Àmì > ń pa ohun tó wà nílẹ̀ rẹ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Àwọn àṣẹ bíi ping kò sí lábẹ́ help, ping /? ni a ó kọ fún irú wọn.

Ìyàtọ̀ àmì méjèèjì yìí kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo fi òru méjì kọ àlàyé Yorùbá sínú iwe.txt, lábẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ́ fi àṣẹ kan kún un, ni mo bá tún tẹ akojo.bat. Ìlà kejì ṣe iṣẹ́ rẹ̀: gbogbo ohun tí mo kọ lọ. Ti ẹ̀rọ padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Tèmi kò padà. Láti ìgbà náà, fáìlì ọ̀tọ̀ ni mo ń kọ tèmi sí.

Ohun tó kàn wá

Nígbà tí mo ń gba oríkì sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni mo lò. Àwọn méjèèjì ló ń sọ ohùn tí wọ́n gbà ní 001, 002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ fáìlì batch tí yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, kí n lè pa tinú àwọn ẹ̀rọ rẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé copy máa ń béèrè kí ó tó fi fáìlì kan bo òmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo ṣí iwe.txt. Mo rí i níbẹ̀ pé copy kì í béèrè bí ó bá jẹ́ inú fáìlì batch ni a ti pè é, àfi bí a bá kọ /-Y mọ́ ọn. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ ni, 001 kejì ìbá bo 001 àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi mí. Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn tó kì fún mi. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti re ìwàlẹ̀ àsà. Ohùn wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó fi iṣẹ́ wa lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ṣe ń ṣe é. Ire o.