ÌYÁRA, KÍ ÀTI ÌMỌ̀LÁRA ORIN: Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ AKỌRIN ÀTI GBOGBO ÌJỌ

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 14:7–8

Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé ìjọ kọ ẹ̀kọ́ kékeré kan sínú ìwé ìrántí yìí. Orin ni mo yàn.

Nínú ẹsẹ tí a kà, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi yé wa pé ohun èlò orin tí ìró rẹ̀ kò yé ènìyàn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Jagunjagun kò ní mọ̀ bóyá kí òun dìde ni tàbí kí òun lọ sùn. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ èyí. Nígbà ọdún Ìgógó, ní ìrántí Ayaba Ọ̀rọ́nsẹ̀n, wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Ẹ̀sìn tiwa yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: kí àlejò tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìró ti sọ fún un pé àsìkò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi mi. Nígbà tí mo ṣì ń darí akọrin, a lọ sìnkú bàbá kan. Òjò ṣú, mo sì sọ fún àwọn akọrin pé ká yára. Mo gbé orin náà sókè, mo sì mú un sáré. Ọ̀rọ̀ orin náà tọ́, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Àmọ́ opó náà la ẹnu títí, kò rí ibi wọlé. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ń lé òkú wa ni?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tó ń mú orin bá ọkàn mu. Mo rí mẹ́ta.

Èkíní ni ÌYÁRA. Àwọn olórin òyìnbó máa ń fi èdè Ítálì kọ ọ́ sórí orin: Adagio ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Andante ni ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Allegretto yá díẹ̀ ju ìyẹn lọ, Allegro ni kánkán.

Èkejì ni KÍ, ìyẹn ibi tí a gbé doh lé. Àwa tí a fi sol-fa kọ́ orin mọ̀ pé orin tó bá simi sórí doh sábà máa ń tújú ká, èyí tó bá simi sórí lah sì sábà máa ń ro ènìyàn lọ́kàn. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní major, èkejì ni minor.

Ẹ̀kẹta ni ÌMỌ̀LÁRA, ìyẹn ohun tí àwọn méjì yẹn bá para pọ̀ ṣe sínú ẹni tó ń gbọ́.

Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó di ògbóǹtarìgì atẹ dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ní 1944 ó kọ African Suite, orin onípín márùn-ún fún àwọn ohun èlò olókùn. Pín kejì ń jẹ́ Nostalgia, àárò ilé: pẹ̀lẹ́ ló ń lọ, bí ẹni tó jókòó sí ìlú òtútù tó ń rántí ilé. Pín ìkẹyìn, Akinla, ní ijó highlife nínú. Ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì, àwọn ohun èlò kan náà ló sì ń kọ ọ́. Bí ẹ bá mú orin àárò náà sáré, àárò ti tán nìyẹn.

Èkejì ni Beethoven, ará Jámánì tí etí rẹ̀ ń di lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 1813, ní Vienna, òun fúnra rẹ̀ darí Symphony rẹ̀ keje níbi àkójọ owó fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Hanau. Ìpín kejì wọ àwọn èèyàn lára débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ. Orí A minor ló ti bẹ̀rẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ara wọn bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn: ọ̀kan gùn, méjì kúrú, méjì gùn. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí A major, ó dà bí ìgbà tí oòrùn yọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn nísàlẹ̀ kò dúró. Ìbànújẹ́ kò tíì lọ, ìmọ́lẹ̀ ló wọlé bá a.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fa orin yìí bí ẹní gbé pósí. Beethoven kò wí bẹ́ẹ̀. Allegretto ló kọ sí i, nígbà tó sì yá, ó fi 76 ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan sí i. Ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ara aago ń lù ní 60, nítorí náà ó fi díẹ̀ yá ju aago lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣì ń rìn, ẹ̀yin ará. Kì í sáré, kì í sì í jókòó sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin adarí akọrin, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín:

1. Kí ẹ tó gbé orin, ẹ kọ ìlà tó ga jù nínú rẹ̀ wò ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ọrùn yín bá nà, ẹ sọ doh kalẹ̀. Àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọdé náà fẹ́ kọ ọ́.
2. Ẹ fi aago ara ògiri wọn ìyára yín nígbà ìdánrawò. Orin ọpẹ́ lè ta aago yọ dáadáa. Orin ìsìnkú kò gbọdọ̀ sá fún òjò.
3. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè kí ẹ tó lu ìlù. Ẹ bi ara yín pé ta la ń kọ ọ́ fún, kí ni ojú rẹ̀ ń rí lónìí?

Ìyá àgbà yẹn ti sùn nínú Olúwa báyìí. Nígbà ìsìnkú tirẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n mú orin wálẹ̀. Gbogbo ilé ló kọ ọ́, òjò sì pa wá. A kò sáré.

Kí Olúwa kọ́ wa ní orin tí yóò dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, tí yóò sì dé ọkàn ẹni tó dúró tì wá. Àmín.