Sẹ́ẹ̀lì Tí A Gbìn Sára: Báwo Ni MRI Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ?

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ìṣègùn òde òní. A kò ní bá wọn jiyàn lásán. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ẹ̀rọ MRI ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn sára aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, àwọn tí ń ta oògùn tí wọ́n ń pè ní “stem cell” sì ti mọ ọ̀nà ilé wọn.

1. Kí ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀?

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell ni a pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ níbí. Ó lè bí irú ara rẹ̀, ó sì lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Èyí tí ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun ni ó ń bí ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí gbígba mùdùnmúdùn ẹlòmíràn fi lè wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn. Ti ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti ṣọ́: bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a ó mọ̀ bóyá ó mú. Bí ó bá jẹ́ inú ọkàn tàbí ọpọlọ ni wọ́n gbìn ín sí ńkọ́? Àgbẹ̀ tí ó bá ń hú àgbàdo wò bóyá ó ti hù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á.

2. Báwo ni MRI ṣe ń ríran?

Òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ni MRI ń lò. Háídírójìn inú omi ara ni ó ń dá a lóhùn, kọ̀ǹpútà a sì sọ ohùn náà di àwòrán. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003 nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí a gbìn, omi wà nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. MRI kò lè dá wọn mọ̀. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi èérún irin tí ojú kò lè rí sínú sẹ́ẹ̀lì náà. Irin yìí á da iṣẹ́ òòfà rú níbi tí ó bá wà, ibẹ̀ a sì dúdú nínú àwòrán. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń so àkísà pupa mọ́ adìẹ lápá kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni àmì yìí rí.

3. Kí ni wọ́n ti rí?

Ní 2005, Jolanda de Vries àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen, ní ilẹ̀ Netherlands, gbé àbájáde kan jáde. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n lò. Sẹ́ẹ̀lì tí ń kọ́ ara láti gbógun ti àrùn ni. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń gbin sẹ́ẹ̀lì. Aláìsàn 8 tí ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Wọ́n fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wọ inú kókó kékeré kan, irú èyí tí ó máa ń wú ní ìtan wa bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún ni wọ́n fi tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà. Nígbà tí MRI yẹ̀ wọ́n wò, sẹ́ẹ̀lì ti tàsé kókó náà lára aláìsàn 4. Ká ní kò sí MRI, wọn ìbá ní ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

Ní 2006, àwọn oníṣègùn ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ròyìn bí wọ́n ṣe fi MRI tọpa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí ó fara pa lórí.

4. Àkísà kì í ṣe adìẹ

Bí àṣá bá gbé adìẹ, àkísà lè já sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ó rí àkísà kò tíì rí adìẹ. Bákan náà, bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, irin rẹ̀ kì í tètè bá a lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbálẹ̀ ara á gbé e mì, ibẹ̀ á ṣì máa dúdú. Ní 2008, ìwádìí kan nínú ọkàn eku fi hàn pé MRI ń ka òkú sẹ́ẹ̀lì mọ́ alààyè. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì ń bímọ, àwọn ọmọ á máa pín irin ìyá wọn títí a kò fi ní rí i mọ́.

5. Ibo ni ìwádìí ń lọ?

(a) Àwọn kan fi fluorine rọ́pò irin. Fluorine tí MRI lè rí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ara wa, nítorí náà ohun tí ó bá yọ, àmì náà ni. Ní 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn pé wọ́n fi tọpa sẹ́ẹ̀lì lára ènìyàn. Àmọ́, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pọ̀ kí ó tó hàn.

(b) Àwọn mìíràn ń fi jíìnì sínú sẹ́ẹ̀lì kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe ferritin, èròjà tí ń kó irin pamọ́. Òkú sẹ́ẹ̀lì kò ní ṣe é mọ́, ọmọ sẹ́ẹ̀lì á sì jogún rẹ̀. Ó dà bí adìẹ tí ó ń hu ìyẹ́ pupa fúnra rẹ̀. Ara ẹranko ni wọ́n ti ń ṣe èyí jù, nítorí yíyí jíìnì padà kì í ṣe eré.

6. Ìkádìí

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi ẹni tí ó bá ní òun ń fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wo àrùn: Níbo ni ó balẹ̀ sí? Ṣé ó wà láàyè? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ìkíní ni MRI ń dáhùn dáadáa jù títí di òní. Bí àwọn tí ó ní òòfà ńlá bá ń fi ìṣọ́ra sọ̀rọ̀ báyìí, kí ni ká wí fún ẹni tí ń ta kápúsù? Sẹ́ẹ̀lì tí a gbé mì, inú á lọ̀ ọ́ bí ẹran ọbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì èso igi kì í sì í di ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹ bá wa sọ ọ́ délé.

Fún ìjíròrò:

(i) Kí ló dé tí ibi dúdú nínú àwòrán kò fi jẹ́ ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì wà láàyè?

(ii) Orúkọ Yorùbá wo ni ẹ̀yin ìbá sọ MRI?