Ẹ wo èéfín kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní agbègbè Kétu ní mọ́tò kan, Toyota Land Cruiser HZJ75, tí pùròjẹ́ kan fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Epo gásúwálì ni ó ń jẹ. Òun ni ó ń kó àgbàdo àti gàrí wa lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé aláìsàn lóru, nítorí pé ní ìgbà òjò, mọ́tò kékeré kò lè gba ọ̀nà abúlé wa.

Ní òru ọjọ́ kan, a gbé obìnrin kan tí ń rọbí. Mọ́tò náà rìn dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó sì kú. A dúró díẹ̀, a tún yí kọ́kọ́rọ́, ó gbiná. Kò pẹ́, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ìyá àti ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá gidigidi. Ní ọjọ́ kejì, mẹkaníkì kan gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà, kò tú nǹkan kan wò, ó ní pọ́ǹpù epo ti bàjẹ́, kí a lọ wá 350.000 fránkì. A bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà jọ.

Bàbá kan tí ó ti wa mọ́tò ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Kútọnu àti Malanville wá kí wa. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó san owó yẹn, ẹ bá mi wá bídọ́ọ̀nù kan àti róbà kan.” A bu gásúwálì tó mọ́ sínú bídọ́ọ̀nù náà. Bàbá so ó mọ́lẹ̀ dáadáa sí ibi tó ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, ó fi róbà fa epo láti inú rẹ̀ wá sí àsẹ́ epo, láìgba inú táńkì kọjá. Ó wa mọ́tò náà yí abúlé ká fún wákàtí kan. Kò kú. Bàbá rẹ́rìn-ín: “Pọ́ǹpù yín kò ṣàìsàn. Ebi ni ń pa á.”

A lọ wo táńkì. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́; a ti fi àpò ọ̀rá dí i, a sì fi róbà dì í pinpin. Ihò kékeré tí táńkì fi ń mí, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí i. Nígbà tí a tú àpò ọ̀rá náà, táńkì fa èémí: fììì! Bí ẹ bá dojú kèrègbè ẹlẹ́nu tóóró dé, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, ṣé omi inú rẹ̀ á tú jáde? Bẹ́ẹ̀ ni epo wa ṣe há. Ìdérí titun àti iṣẹ́ rẹ̀ kò tó 10.000 fránkì.

Èmi kì í ṣe mẹkaníkì, olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ni mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ohun tí bàbá ń sọ sínú ìwé.

Ẹ́ńjìnnì gásúwálì kò rí bíi ti alùpùpù. Ti alùpùpù, búújì ni ó ń ṣáná sí epo. Ti gásúwálì, písítìn ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, débi pé afẹ́fẹ́ tó gba àyè 20 yóò wọ inú àyè kan ṣoṣo, ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná. Ti ẹ́ńjìnnì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tiwa ń jẹ́ 1HZ; ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú Land Cruiser ní 1990, písítìn mẹ́fà ni ó ní. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò sọ àìsàn rẹ̀ fún wa. Ojú, etí àti imú ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kejì dúró sí ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín, kí ó máa wò.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò gbiná, tí èéfín kankan kò sì jáde, epo kò dé inú rẹ̀. Ṣé epo wà nínú táńkì? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ẹ fetí sí pọ́ǹpù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀: nǹkan kékeré kan wà lára rẹ̀ tí iná bátìrì fi ń ṣí ọ̀nà fún epo, ó gbọ́dọ̀ dún “kọ́”. Bí kò bá dún, ẹ wo wáyà rẹ̀ bóyá ó ti já tàbí ó ti dípẹtà. Bí ó bá dún, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú róbà epo. Ẹ tú ṣúrúrù ojú ọ̀nà epo tó wà lórí àsẹ́ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà níbẹ̀ títí ìfófòó yóò fi tán, tí epo nìkan ń jáde, kí ẹ wá dè é. Bí ìfófòó bá tún padà wá lọ́la, róbà kan ti sán níbì kan. Ẹ má sọ pé kò sí epo tó ń jò sílẹ̀: láàárín táńkì àti pọ́ǹpù, fífà ni a ń fa epo, nítorí náà afẹ́fẹ́ lè máa wọlé níbi tí ẹ̀kán epo kan kò ti jáde. Ẹ fi róbà funfun tí a lè rí inú rẹ̀ sí iwájú pọ́ǹpù fún ìgbà díẹ̀, ẹ óò rí ìfófòó náà bí ó ti ń kọjá.

Ní ìsàlẹ̀ àsẹ́ kan náà, ṣúrúrù mìíràn wà tí a fi ń da omi nù. Epo tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí a ń pè ní kpayo, lè ní omi àti ìdọ̀tí nínú. Omi wúwo ju gásúwálì lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ jókòó sí. Gásúwálì kan náà ni ó ń mú kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Omi kò lè ṣe é, ṣe ni yóò mú un dípẹtà. Bí ẹ kò bá fẹ́ san 350.000 fránkì lóòótọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Bí èéfín bá funfun ní òwúrọ̀, tó ń ta ojú, tó ń rùn bíi gásúwálì, epo ń wọlé ṣùgbọ́n kò gbiná dáadáa. Ẹ wo àwọn búújì tí ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí ó tó ṣíṣẹ́. Ẹ yọ irin tó so wọ́n pọ̀. Ẹ so gílóòbù mọ́tò kan mọ́ orí bátìrì tó ní àmì +, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ kejì kan orí búújì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù kò bá tàn lórí rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n bí èéfín funfun náà kò bá rùn bí epo, tí kò tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí omi rajétọ̀ sì ń dín kù, omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá dà bíi kafé onímílíìkì, ẹ pa mọ́tò, ẹ má wà á mọ́, kódà dé ọjà. Èyí jẹ́ iṣẹ́ mẹkaníkì. Ẹ má sì ṣí rajétọ̀ tó gbóná. Omi rẹ̀ yóò tú sí yín lójú, yóò bó yín lára.

Èéfín dúdú: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀, ó ti dí. Ẹrù àpọ̀jù náà ń fa èéfín dúdú, a mọ ara wa. Èéfín aláwọ̀ aró: ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì rẹ̀. Bí ọ́ìlì kò bá kọjá àmì, ogbó ni. Ẹ máa fi kún un, kí ẹ sì máa tọ́jú owó.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ran mẹkaníkì lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò lára àwọn páìpù irin tó jáde láti pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára epo níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Ojú egbò náà lè kéré bíi ti ẹ̀gún, kó má tilẹ̀ dunni púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ọwọ́ yóò máa jẹrà. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé onítọ̀hún lọ ní wákàtí náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo ni ó wọlé. Ọ́ìlì àlòkù, ẹ má dà á sí ìtòsí kànga.

Nínú ìwé mọ́tò wa, a ń kọ ọjọ́ tí a da omi àsẹ́ nù, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, àti iye kìlómítà. Bẹ́líìtì inú 1HZ, a ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó kọjá 100.000 kìlómítà, nítorí bí ó bá já lójú ọ̀nà, písítìn yóò kọlu àwọn fáàfù.

Ẹ bá ara yín sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́: ta ni ó ń da omi àsẹ́ mọ́tò yín nù? Ọjọ́ wo ni ó ṣe é kẹ́yìn? Níbo ni a kọ ọ́ sí?