Bí Omi Ṣe Yẹ Kí Ó Jìn Tó: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀ka Igi Tí A Ń Rì Sínú Adágún fún Ẹja

Àwa ará Tanke kò jìnnà sí omi. Dáàmù Asa ni Ìlọrin ń mu, bí a bá sì kọjú sí àríwá, a ó bá Odò Ọya pàdé pẹ̀lú adágún Jẹ́bà àti ti Kàǹjì. Nínú àwọn ọmọ tí a ń tọ́, a ó rí àwọn tí yóò fi iṣẹ́ ẹja jẹun lọ́la. Ìdí nìyí tí a fi yan ìbéèrè kan tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó lè sọ owó àti làálàá ọdún kan di asán: níbo ni omi ti jìn tó, tí kò sì jìn jù, láti ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé?

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní adágún Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìlú Ganvié dúró lórí òpó láàárín omi, àwọn apẹja a máa gún ẹ̀ka igi ṣùùrùṣù mọ́ ilẹ̀ adágún. Ákájà ni wọ́n ń pè é. Epìyà àti ọ̀bọ̀kún a wá fara pamọ́ síbẹ̀, wọn a jẹun, wọn a sì bímọ. Nígbà tí ó bá yá, àwọn apẹja a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a kó igi kúrò, wọn a sì kó ẹja. Àwọn onímọ̀ tí ó wọn èrè rẹ̀ ròyìn pé ó lè ju tọ́ọ̀nù 4 lọ lórí hẹ́kítà kan lọ́dún.

Kí ni ẹja ń jẹ níbẹ̀? Kì í ṣe igi. Ohun tútù yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tí í hù sára igi nínú omi ni epìyà ń họ jẹ, ohun náà kò sì lè hù láìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nokoué kò jìn. Ní ibi púpọ̀, ọ̀pá ọlọ́kọ̀ a máa kan ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tètè ń dé ara igi níbẹ̀. Adágún Kàǹjì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjìn rẹ̀ tó mítà 60 níbi tí ó jìn jù, omi rẹ̀ sì lè lọ sókè sódò tó mítà 10 láàárín ọdún kan. Ẹni tí ó bá gbé ọgbọ́n Nokoué lọ sí Kàǹjì láì wọn omi, igi ni yóò sọ nù.

Ohun mẹ́ta ni kí á gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1865, Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, fi àwo funfun dán bí omi òkun ṣe mọ́ tó wò. Ẹnikẹ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ so àwo funfun mọ́ okùn tí a ta kókó sí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ka ibi tí ojú kò ti rí i mọ́. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì tó fún oúnjẹ ẹja láti hù. Bí àwo bá pòórá ní sẹ̀ǹtímítà 60, oúnjẹ kò ní hù dáadáa kọjá mítà 1.2.

Èkejì ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Nínú adágún jíjìn tí omi rẹ̀ dákẹ́, omi gbígbóná a wà lókè, èyí tí ó tutù a wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í tètè dàpọ̀. Ohun tí ó ń jẹrà nísàlẹ̀ a máa fa ọ́síjìn tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe ri igi sí ibú, ẹ sì já ewé tútù kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó rì í.

Ẹ̀kẹta ni bí omi ṣe ń kún tí ó sì ń fà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí omi bá fà ní mítà 2 láti ìgbẹ̀yìn òjò títí di òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí ó jìn ní mítà 1.5 nígbà tí omi kún yóò gbẹ pátápátá. Ibi tí ó jìn ní mítà 3 yóò ku mítà 1. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a to igi ní ọ̀wọ́ méjì lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́: ọ̀wọ́ òkè fún ìgbà tí omi kún, ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọ̀wọ́ òkè bá wà ní gbangba, a ó lè tún un ṣe.

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Okùn àti òkúta ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n láti inú ọkọ̀; ẹ má ṣe rán ọmọ wọlé. Igi tí ó rì lè kọ́ àwọ̀n ẹlòmíràn, ó sì lè há òmùwẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí náà kí ọ̀pá tí a so aṣọ mọ́ máa tọ́ka sí i. Omi dáàmù sì ní alákòóso. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ri ohunkóhun sí omi tí ìlú ń mu.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nokoué pẹ̀lú. Nígbà tí ákájà pọ̀ jù, a gé igi etí omi lulẹ̀, erùpẹ̀ kóra jọ sínú adágún, ìjà sì dé láàárín àwọn tí ó ni ákájà àti àwọn tí ó ń fi àwọ̀n lásán pẹja, tí wọn kò ríbi da àwọ̀n sí mọ́. Ẹ̀ka tí a gé nígbà tí a ń tún oko tàbí àgbàlá ṣe ti tó. Ẹ bá àwọn apẹja tí ẹ bá lórí omi sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọdún kan gbogbo ṣe àkọsílẹ̀ kíkún àti fífà omi náà. Àkọsílẹ̀ ọdún kan yẹn ni yóò sọ ibi tí igi yóò dúró sí.