Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó jọ pé ará Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni òwe náà ń bá wí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n ti ń wọ́ lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, títí tó fi di pé ekukáká lèèyàn fi ń rí agboolé tí kò ní ọmọ kankan ní Àbíjàn. Èdè Faransé ń dún nínú ọjà Èjìgbò, wọ́n sì ń ná owó Sẹ́fà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń gbéra láti ìlú náà, á gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Bẹ̀nẹ̀, á la Tógò àti Gánà kọjá, ó di Àbíjàn. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún léèrè bí ìlú náà ṣe rí. Á dárúkọ gáréèjì, á dárúkọ ọjà tó ti ń tajà, á dárúkọ àdúgbò tó ń sùn. Ó parí.

Ẹ̀bi irú wọn kọ́. Owó ni wọ́n wá lọ, ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láfẹ̀mọ́júmọ́ tó ń tì í lóru kò ráyè ìwòran. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi gègé jẹun, ìbáà jẹ́ oníròyìn tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèrò àtikọ̀wé, mímọ ìlú báyẹn kò tó o. Òwe mìíràn ló yẹ kó mú dání: arìnjìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà kò sọ pé ẹni tó wọkọ̀ jìnnà.

Ọmọ Côte d'Ivoire gan-an ló fi bí àlejò ṣe ń wo ìlú hàn. Bernard Dadié ni, ẹni tí wọ́n bí ní Assinie ní 1916, tó sì di olóògbé ní 2019 lẹ́ni ọdún 103. Ní 1959 ló gbé ìwé *Un nègre à Paris* jáde. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tanhoé Bertin ló rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà lọ sí Paris nínú ìwé náà, tó wá ń kọ gbogbo ohun tó rí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, obìnrin wọn, ìtàn ọba wọn, ìwà wọn. Ó ti pẹ́ tí òyìnbó ti máa ń wá wo Áfíríkà, tí wọ́n á padà sílé lọ kọ̀wé nípa wa. Dadié yí awò náà padà, ó kọjú rẹ̀ sí wọn. Ó tún kọ ti New York ní 1964, ó kọ ti Róòmù ní 1968, ìwé méjèèjì ló sì gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà adúláwọ̀. Ọgbọ́n tó dá kò ju ẹyọ kan lọ: kò díbọ́n bí onílé. Ó gbà pé àlejò lòun, ó wá ń béèrè ohun tí onílé ti fojú fò.

Òǹkọ̀wé wa Fágúnwà náà rìn, ó sì kọ ọ́ lédè wa. Ìrìnàjò rẹ̀ sí Ìlú Ọba ló di ìwé *Ìrìnàjò*, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949. Nígbà tó di 2011, Teju Cole, tó dàgbà ní Èkó, gbé *Open City* jáde, níbi tó jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ tí dókítà kan, Julius, ń rìn kiri New York ló gbé ìtàn náà ró.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹni tí kò tí ì rin Èjìgbò já, kí ni yóò rí ní Àbíjàn? Kí ọ̀dọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ògìyán, ọba ìlú, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kó gba Òkè Màpó, kó sì gba Ìsàlẹ̀ Òṣòlò padà. Àwọn apá ìlú méjèèjì yìí ló máa ń fi pàṣán na ara wọn nígbà ọdún Ògìyán. Òrìṣà tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣọdún yìí, wọ́n ń bọ ọ́ dé ilẹ̀ Bràsíìlì, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ tí wọ́n bí sínú ìlú máà lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí Òkè Màpó ti parí. Kí ló pààlà wọn? Títì ni, àbí agboolé? Google Maps kò lè sọ ọ́. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ọ́n, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí i, tó sì fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé tí kò béèrè mọ́ èyí tó béèrè.

Kó máa wo ilé bó ti ń lọ. Ilé alámọ̀ kan á wà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ewúrẹ́ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló tẹ̀ lé e, geéètì rẹ̀ ń dán, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, koríko sì ti hù sẹ́sẹ̀ ògiri. Kí ó béèrè ta ló ni ín. Bí wọ́n bá ní onílé ń bẹ ní Àbíjàn, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọdún wo ló lọ, kí ló ń tà, ta ló ń bá a ṣọ́ ilé, ìgbà wo ló máa ń wálé? Ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà kò lè rí koríko yẹn.

Ọ̀nà kan ò wọjà, nítorí náà kí ọ̀nà àlọ máà jẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Ó sì dára kéèyàn tún ọ̀nà kan náà rìn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, torí pé ẹni tó ń ta ògì níbẹ̀ láàárọ̀ kọ́ ló ń ta sùyà níbẹ̀ lálẹ́. Bó bá ti mọ́ ọn lára, kó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Másífà tó wà nítòsí.

Tó bá wá kan Àbíjàn, àdúgbò Treichville ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ títì ibẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì là wọ́n gbọnrangandan, ẹni tó bá ti lè kà á kò ní sọnù pátápátá. Afárá méjì ló ti ibẹ̀ kọjá lórí ọ̀sà Ébrié lọ sí àdúgbò Plateau: ti Houphouët-Boigny, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba abẹ́ rẹ̀, àti ti De Gaulle. Kó fẹsẹ̀ rin ọ̀kan nínú wọn. Òórùn ẹja díndín á wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ilé gíga báǹkì àti ti ìjọba á wà níwájú rẹ̀, ilé La Pyramide tí wọ́n kọ́ parí ní 1973 á wà láàrin wọn. Ẹni tó wọkọ̀ kọjá kò ní mọ bí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti àdúgbò àwọn ọ̀gá ṣe súnmọ́ra tó.

Tí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì. Kò sẹ́ni tí í já lu ará Àbíjàn pẹ̀lú ìbéèrè láìkọ́kọ́ wí “bonjour”. Àwọn tó jókòó sójú kan látàárọ̀ ni kó máa bi: télọ̀, fọganáísà, obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó tún sàn jù ni pé kó wá ará ilé rẹ̀ tó ń tajà níbẹ̀ lọ, kó bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan.

Kó má fi kámẹ́rà ya sójà tàbí ilé ìjọba. Kó mú ìwé ìrìnnà dání. Àdéhùn tí àjọ ECOWAS ṣe ní 1979 fún un láàyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, àmọ́ kò ní kí ó máà ní ìwé. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹfà, agbòjò ṣe pàtàkì ju bàtà lọ, torí òjò Àbíjàn nígbà yẹn kì í ṣe kékeré.

Ti àkọsílẹ̀ ló wá kù. “Ìlú náà tóbi, ó sì lẹ́wà” kì í ṣe àkọsílẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta abọ́ oúnjẹ atièké kan, ohùn tí àgbèrò fi ń pe èrò àdúgbò Adjamé, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀: ìwọ̀nyí ni kó kọ, kó sì kọ wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má ṣe dúró sí àárín ọjà kọ ọ́ o. Wọ́n á ní agbowó orí dé, ẹnu gbogbo èèyàn á sì pa.

Òǹkọ̀wé ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti kọ Paris, ó ti kọ New York, ó ti kọ Róòmù. Ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tó ń wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn, ẹ ra ìwé kékeré kan àti báírò mọ́ ẹrù yín. Ìwé ìrìnàjò Àbíjàn tí ọmọ Èjìgbò kọ lédè Yorùbá là ń retí lọ́wọ́ yín.