Drone tó já lulẹ̀ lójijì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, drone mi ṣàdédé kú lókè, ó sì já lulẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì tíì lọ sílẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ibi tí bátìrì ti ń wọlé. Ní November 2016, iléeṣẹ́ GoPro gba nǹkan bí 2,500 drone Karma padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, torí iná ń kú lára àwọn kan lókè. Ohun tó di bátìrì mú ni kò dì í dáadáa. Drone alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin kò ní ìyẹ́ tí yóò fi rọra balẹ̀. Bí iná bá ti lọ, ó di òkúta. Ẹ ti bátìrì náà títí yóò fi dún kẹ́kẹ́, kí ẹ sì fà á wò. Bó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má sì gbé e fò lórí èrò, ẹ̀yin oníyàwòrán ìgbéyàwó pàápàá!