Akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ àti Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Funfun

Àlejò tó bá dúró sí Tinúbú Square lọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀, aṣọ funfun nìkan ni yóò rí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í wo aṣọ; akẹtẹ̀ ló ń wò. Dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Lábà, ti Oníkò jẹ́ yẹ́lò, ti Ológèdè jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Àgẹrẹ sì jẹ́ pọ́pù.

Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú eku tí a fi ń ṣe ìwádìí rí. Máíkírósíkópù lè fi neutrophil hàn wá, nítorí nucleus rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì B? Wọ́n jọra bí ìbejì. Purotéènì ara wọn ni akẹtẹ̀ wọn, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí.

Lọ́dún 1941 ni Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà so aró tó ń tàn mọ́ áńtíbọ́dì. Lọ́dún 1975, Köhler àti Milstein rí ọ̀nà láti ṣe áńtíbọ́dì tó ń di ojú kan ṣoṣo mú. Lónìí, flow cytometer ń to sẹ́ẹ̀lì kọjá níwájú léésà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ 488 nm bá aró FITC, aró náà sì tan àwọ̀ ewé padà, ní nǹkan bí 520 nm.

Ibi tí Ẹ̀yọ̀ ti yàtọ̀ rèé: akẹtẹ̀ kan ni Ẹ̀yọ̀ ń dé, sẹ́ẹ̀lì ń dé púpọ̀. CD45 wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun; CD3 ń tọ́ka sẹ́ẹ̀lì T, CD19 ń tọ́ka sẹ́ẹ̀lì B, Ly6G ń tọ́ka neutrophil. Ẹ má fi CD4 nìkan pe sẹ́ẹ̀lì ní T, nítorí àwọn dendritic cell kan nínú eku ní i pẹ̀lú. CD3 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ wa mọ CD4 láti ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń kà á fún àwọn tó ní HIV. Ọgbọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n áńtíbọ́dì CD4 ti ènìyàn kì í di ti eku mú. Ti eku ni kí ẹ béèrè, bíi clone GK1.5 tàbí RM4-5. Áńtíbọ́dì wọ́n, owó project kì í sì í pọ̀.

Èyí tó burú jù lọ ni NK1.1. Eku C57BL/6 ní i. PK136, áńtíbọ́dì tí gbogbo ènìyàn ń lò fún un, kì í rí nǹkan kan dì mú lára BALB/c. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kó Plasmodium berghei ran BALB/c, tó wá lo PK136, lè kọ ọ́ pé ibà ti pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì NK tán, nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ digbí! CD49b, clone DX5, ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò. Torí náà, ẹ béèrè irú eku tó wà nílé ẹran kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Kí ẹ tó fi aró sí i, ẹ kọ́kọ́ da áńtíbọ́dì CD16/32 tí kò ní aró sí i, nítorí macrophage àti sẹ́ẹ̀lì B a máa di ìrù áńtíbọ́dì yòówù mú. Ìmọ́lẹ̀ FITC a sì máa ṣàn wọ ojú ibi tí ẹ ti ń ka PE. Ẹ ṣe túùbù aláró kan ṣoṣo fún aró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè yọ èyí tó ṣàn kúrò. Ẹ gbé túùbù sínú yìnyín, kí ẹ sì bò ó. Ìmọ́lẹ̀ iná yàrá a máa pa aró.